SSD wo ló yẹ kọ̀ǹpútà ilé? Ìmọ̀ràn àjùmọ̀ṣe lórí pípààrọ̀ ibi ìpamọ́

Olùbéèrè:

Mo kí gbogbo ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà méjì ni ó wà nílé wa tí mo fẹ́ pààrọ̀ ibi ìpamọ́ wọn. Ọ̀kan jẹ́ alágbèéká tí ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá, háàdì dísìkì tí ń yí ni ó wà nínú rẹ̀, bí a bá sì tan án, ó máa ń tó ìṣẹ́jú mẹ́ta kí a tó lè fi í ṣe nǹkan kan. Èkejì jẹ́ ti orí tábìlì, tí a fi ń ṣe iṣẹ́ fọ́tò àti fídíò. SSD 250 GB, ìyẹn ibi ìpamọ́ oníṣíìpù tí kò ní ohun tí ń yí nínú, ni ó wà nínú rẹ̀, ó sì ti kún dẹ́nu. Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń ka ohun tí wọ́n kọ sára àwọn SSD tí mo rí, síbẹ̀ ńṣe ni ọ̀rọ̀ náà ń ta kókó. Òmíràn fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, òmíràn tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka. Wọ́n kọ SATA sára ọ̀kan, wọ́n kọ NVMe sára òmíràn. Ọ̀kan ní òun lè ka 550 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìkejì ní òun tó 7,000. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni ó yẹ kí n kọ́kọ́ wò, kí ni n kò gbọdọ̀ náwó lé lórí, báwo ni mo sì ṣe máa kó àwọn fáìlì tí a ti ń tọ́jú láti ọjọ́ pípẹ́ kọjá láìpàdánù ọ̀kankan?

Atúnkọ̀ǹpútàṣe:

Ẹ ṣé tí ẹ béèrè kí ẹ tó rà, nítorí púpọ̀ nínú àwọn tí ń gbé SSD wá bá mi ni wọ́n ti ra èyí tí kò lè wọ inú ẹ̀rọ wọn. Ẹ fi ìyára sílẹ̀ ná, ẹ fi orúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é náà sílẹ̀. Ohun tí kọ̀ǹpútà yín lè gbà ni ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ìrísí méjì ni ẹ máa bá pàdé jù lọ. Èyí tí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ni ti íǹṣì 2.5, tí a ṣe kí ó lè jókòó sí àyè tí háàdì dísìkì kọ̀ǹpútà alágbèéká ń jókòó sí tẹ́lẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn nípọn tó mìlímítà 7; bí àyè inú kọ̀ǹpútà bá jẹ́ ti 9.5, a ó fi férémù ike tẹ́ẹ́rẹ́ kan há a kí ó má baà máa mì. Èyí tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ ni M.2, tí a ń kì bọ ojú ihò kan lára mọ́dábọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀ (pátákó ńlá tí gbogbo ohun inú kọ̀ǹpútà so mọ́), tí kò nílò wáyà kankan. Nọ́ńbà 2280 tí ẹ rí lára rẹ̀ ní ìtumọ̀: 22 ni ìbú rẹ̀ ní mìlímítà, 80 ni gígùn rẹ̀. 2230 àti 2242 náà wà, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà kéékèèké ń lò, bí ibi tí a ti ń de skúrúù lára mọ́dábọ́ọ̀dù yín bá sì mọ sí 42, SSD onígígùn 80 kò ní ríbi jókòó.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà nìyí: M.2 jẹ́ orúkọ ìrísí, kì í ṣe orúkọ èdè tí SSD fi ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. M.2 kan wà tí èdè SATA ni ó ń sọ, òmíràn wà tí ó ń sọ NVMe lójú ọ̀nà PCIe, ìyẹn ọ̀nà tí ó yára ju ti SATA lọ lára mọ́dábọ́ọ̀dù, àwọn méjèèjì sì lè jọra bí ìbejì. Bákan náà ni ojú ihò: òmíràn ń gbọ́ SATA nìkan, òmíràn ń gbọ́ NVMe nìkan, òmíràn sì ń gbọ́ méjèèjì. Bí ẹ bá wo etí rẹ̀ tí ó ń dán bíi wúrà, ẹ ó rí i pé M.2 ti SATA sábà máa ń ní gígé méjì, tí NVMe sì sábà máa ń ní ẹyọ kan. Ṣùgbọ́n “sábà” ni mo wí o, nítorí àwọn NVMe kan wà tí àwọn náà ní gígé méjì. Nítorí náà, ìwé ìtọ́nisọ́nà ẹ̀rọ yín ni kí ẹ gbà gbọ́, ẹ má ṣe fi ojú wọ̀n ọ́n. Bí ìwé náà bá ti sọnù, ẹ tẹ msinfo32 sínú àpótí ìwárí Windows, yóò sọ orúkọ àti nọ́ńbà ẹ̀rọ náà fún yín, ẹ ó sì fi í wá ìwé rẹ̀ lórí ìkànnì ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é. Lójú ewé msinfo32 yẹn náà, ẹ wo ìlà tí wọ́n kọ BIOS Mode sí; BIOS ni ètò tí ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó wọlé. Bí ó bá jẹ́ UEFI (irú tuntun), ó dára. Bí ó bá jẹ́ Legacy (irú àtijọ́), ẹ sọ fún wa kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ àtijọ́ ni kò lè jí láti orí NVMe, kódà bí a bá rí ihò tí a lè kì í bọ̀.

Olùkọ́ Ìṣirò:

Mo fara mọ́ ohun tí Atúnkọ̀ǹpútàṣe sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi ìṣirò díẹ̀ kún un, kí Olùbéèrè lè mọ ibi tí owó wọn yóò ti ṣiṣẹ́ jù. Háàdì dísìkì tí ń yí ní ìgbà 5,400 ní ìṣẹ́jú kan ń lo nǹkan bíi mìlísẹ́kọ́ǹdì 11 láti yí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Bí kọ̀ǹpútà bá béèrè fún fáìlì kékeré kan, apá tí ń ka awo náà ní láti kọ́kọ́ rìn dé ipa tí fáìlì náà wà, kí ó sì tún dúró kí ibi tí ó ń wá yí dé abẹ́ rẹ̀. Bí a bá pa ìrìn àti ìdúró pọ̀, ó lè tó mìlísẹ́kọ́ǹdì 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyẹn ni pé kò lè mú ju nǹkan bíi 65 irú fáìlì bẹ́ẹ̀ wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ni Windows ń béèrè kí ó tó jí tán. SSD kò ní apá, kò sì ní awo. Kì í gbà á tó ìdá kan nínú ìdá mẹ́wàá mìlísẹ́kọ́ǹdì kí ó tó dáhùn.

Ìdí nìyí tí ìyàtọ̀ tí ẹ ó rí láàrin háàdì dísìkì àti SSD èyíkéyìí fi pọ̀ gan-an, tí ìyàtọ̀ tí ojú ń rí láàrin SATA àti NVMe sì kéré sí ohun tí ìpolówó ń wí. SATA ìran kẹta ní ààlà gígábíìtì 6 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ohun tí ó sì ń dé ọwọ́ wa nínú rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi 550 MB lọ. NVMe tí ó ń gba ọ̀nà mẹ́rin PCIe ìran kẹta kọjá ń tó 3,500. Ti ìran kẹrin ń tó 7,000. Ti ìran karùn-ún ti ń sún mọ́ 14,000. Ṣùgbọ́n àwọn nọ́ńbà wọ̀nyí jẹ́ ti fáìlì ńlá kan tí a ń kà tẹ̀lé ara wọn láti orí dé ìdí. Nígbà tí a bá ń kọ lẹ́tà, tí a ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí tí ọmọ ń ṣe iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, fáìlì wẹ́wẹ́ tí a ń kà níhìn-ín lọ́hùn-ún ni ó pọ̀ jù, níbẹ̀ ni SATA àti NVMe sì ti sún mọ́ra. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ọlọ́dún mẹ́wàá yẹn kò nílò ju SSD SATA tí ó dáa lọ.

Ayàwòrán:

Ohun tí Olùkọ́ sọ tọ̀nà fún kọ̀ǹpútà alágbèéká, ṣùgbọ́n mo rò pé ti orí tábìlì yàtọ̀, nítorí iṣẹ́ fídíò ni èmi náà ń ṣe. Bí mo bá fẹ́ kó 200 GB láti ibì kan sí ibòmíràn, 550 MB ní ìṣẹ́jú àáyá kan yóò gbà mí ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, 3,500 yóò sì gbà mí ní ìṣẹ́jú kan péré, bí ibi tí mo ti ń kó o àti ibi tí mo ń kó o lọ bá jọ yára. Lójoojúmọ́ ni mo ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí náà NVMe sàn fún mi, mo sì gbà pé yóò sàn fún Olùbéèrè náà.

Síbẹ̀, ẹ ṣọ́ra fún nọ́ńbà ara páálí. Mo ra SSD 1 TB kan nígbà kan nítorí pé ìyára tí wọ́n kọ sára rẹ̀ ga, mo sì ń da 300 GB fídíò oníbàárà kan sínú rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ń wo ìlà tí ń fi ìyára hàn. Ó dúró gbọn-in lórí 1,800 fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó já wálẹ̀ lójijì bí ẹni jìn sí kòtò, ó di 80, kò sì gòkè mọ́ títí tí iṣẹ́ náà fi parí. Háàdì dísìkì mi àtijọ́ kì í falẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Mo ti di í padà sínú páálí rẹ̀ pé ó ti bàjẹ́ kí ẹnì kan tó ṣàlàyé fún mi pé kò bàjẹ́, pé bí a ṣe ṣe é nìyẹn. Ó wù mí kí Atúnkọ̀ǹpútàṣe sọ ìdí rẹ̀ fún gbogbo wa.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe:

Ìtàn yín wúlò púpọ̀, nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí yín ni páálí kì í sọ. Inú ṣíìpù NAND ni SSD ń pa nǹkan mọ́ sí, irú èyí tí Fujio Masuoka àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Toshiba gbé jáde ní ọdún 1987. Àìmọye sẹ́ẹ̀lì ni ó wà nínú ṣíìpù kan, a sì lè fi sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan wé igbá tí a ń bu omi sí. Ní SLC, bíìtì kan ni igbá kan ń gbà: bóyá omi wà níbẹ̀ tàbí kò sí, kò sí ohun tí ó ṣòro níbẹ̀. MLC ń gba bíìtì 2, nítorí náà a ní láti lè dá ìwọ̀n omi 4 mọ̀ yàtọ̀ síra. TLC ń gba 3, ó di ìwọ̀n 8. QLC ń gba 4, ó di ìwọ̀n 16 nínú igbá kan náà. Bí ìwọ̀n bá ṣe ń pọ̀ tó ni ọwọ́ tí ń bu omi náà ṣe gbọ́dọ̀ rọra tó, kí ó má baà lé, kí ó má sì dín. Bẹ́ẹ̀ sì ni igbá náà ń tètè gbó, nítorí pé kíkọ àti pípa rẹ́ ní ń jẹ ẹ́ lára.

Kí ẹni tí ń lò ó má baà mọ̀ pé QLC ń falẹ̀, àwọn tí ń ṣe é máa ń ya apá kan sọ́tọ̀ nínú rẹ̀ kí ó máa ṣe bíi SLC fún ìgbà díẹ̀. Ohun tí ẹ bá kọ yóò kọ́kọ́ sáré wọ ibẹ̀, nígbà tí ẹ bá sinmi, SSD yóò máa fi sùúrù kó o lọ sí ibùgbé rẹ̀. Bí ohun tí ẹ ń dà sínú rẹ̀ bá pọ̀ ju ibẹ̀ lọ, aṣọ á ṣí, ẹ ó sì rí ìyára QLC gangan. Ayàwòrán rí 80 nítorí ìyẹn. TLC náà ní irú àyè yìí, àmọ́ nígbà tí ó bá kún, ìyára tí ó kù sílẹ̀ ṣì ga dáadáa lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun mìíràn ni pé àyè náà ń sún kì bí SSD ṣe ń kún sí i, nítorí náà QLC tí ó ti fẹ́ kún ni ó burú jù nínú gbogbo wọn. Ìmọ̀ràn mi kò le: fún iṣẹ́ fídíò, ẹ ra TLC. QLC kò burú fún ẹni tí ń kó fíìmù àti fọ́tò sí ibì kan tí kì í sì í yí wọn padà lójoojúmọ́.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ béèrè bóyá ó ní DRAM, ìyẹn ṣíìpù ìrántí tí ó yára gan-an. SSD ń tọ́jú àwòrán ọ̀nà kan tí ó ń sọ fún un ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan wà. Ẹni tí ó ní DRAM ń fi àwòrán náà síbi tí ọwọ́ rẹ̀ ti tètè ń tó o. NVMe tí kò ní in lè yá àyè díẹ̀ lò nínú RAM kọ̀ǹpútà, èyí tí wọ́n ń pè ní HMB, ó sì ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún èèyàn púpọ̀. SSD SATA kò ní ọ̀nà àtiyá bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá ń ra SATA fún kọ̀ǹpútà àgbà yẹn, tí iye owó méjèèjì kò sì jìnnà síra, ẹ mú èyí tí ó ní DRAM.

Ní ti pé SSD ń gbó, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kó ìdààmú bá yín. Iye tí a lè kọ sínú rẹ̀ lábẹ́ wáráńtì ni wọ́n ń pè ní TBW. Samsung kọ 600 TB sí 870 EVO onítẹ́ràbáìtì 1, Crucial sì kọ 360 sí MX500 tí ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà, ọdún márùn-ún sì ni wáráńtì àwọn méjèèjì. Ẹni tí ń kọ 20 GB lójúmọ́ ń kọ TB 7.3 lọ́dún, 360 yóò tó o fún nǹkan bí ọdún 49. Mo ń wo TBW àti gígùn wáráńtì fún ìdí mìíràn: wọ́n ń fi bí ilé iṣẹ́ náà ṣe gbọ́kàn lé ọjà ara rẹ̀ tó hàn mí. Kí ẹ sì mọ̀ pé ilé iṣẹ́ lè yí ṣíìpù inú SSD kan padà láìyí orúkọ rẹ̀ padà, nítorí náà àyẹ̀wò tí ẹ kà láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn lè má jẹ́ ti èyí tí ẹ fẹ́ rà lónìí.

Alábòójútó Àkójọ:

Ẹ ti sọ̀rọ̀ lórí rírà tó. Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lórí kíkó fáìlì kọjá, nítorí ibẹ̀ ni èmi ti pàdánù. Mo ra SSD 500 GB láti rọ́pò háàdì dísìkì 500 GB. Mo fi wáyà tí ń so SATA mọ́ USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, mo sì jí kọ̀ǹpútà náà láti orí fláàṣì tí mo kó ohun èlò ìṣẹ̀dà dísìkì sí, èyí tí ń da gbogbo ohun inú dísìkì kan kọ sórí òmíràn. Ó fi orúkọ méjì hàn mí, sda àti sdb, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n kọ síwájú àwọn méjèèjì. Mo mú sda gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ti ń kó nǹkan. Ó bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú, mo sì dáhùn bẹ́ẹ̀ ni lẹ́ẹ̀mejì. SSD tí ó ṣófo ni sda. Mo fi òfo kọ bo fọ́tò ọdún mẹ́jọ, a kò sì rí ju díẹ̀ gbà padà nínú wọn.

Láti ìgbà náà, mi ò jẹ́ fọwọ́ kan ohun èlò ìṣẹ̀dà láìkọ́kọ́ ṣe ẹ̀dà àwọn fáìlì tí ó ṣe pàtàkì sí orí dísìkì kẹta, kí n sì yọ dísìkì kẹta náà kúrò lára kọ̀ǹpútà pátápátá. Lẹ́yìn náà, mo máa ń da nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó wà lára SSD tuntun kọ sórí ìwé, mo sì ń fi í wé ohun tí ohun èlò náà kọ sójú kọ̀ǹpútà kí n tó tẹ ohunkóhun. Bí ẹ bá lè ra ìwọ̀n tí ó yàtọ̀ sí ti àtijọ́, ẹ rà á. Yóò dín àṣìṣe kù. Bí Windows yín bá ń lo BitLocker, èyí tí ń fi kọ́kọ́rọ́ ti dísìkì pa, ẹ kọ kọ́kọ́rọ́ ìgbàpadà rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí kò sí nínú kọ̀ǹpútà náà, kí ẹ sì dá a dúró fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ìṣẹ̀dà bá sì parí, ẹ yọ dísìkì àtijọ́ kúrò, ẹ fi SSD tuntun nìkan jí kọ̀ǹpútà, ẹ lò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹ kò gbọdọ̀ pa nǹkan kan rẹ́ lórí ti àtijọ́ títí dìgbà náà.

Mo tún fẹ́ sọ pé ṣíṣe ẹ̀dà kọ́ ni ọ̀nà kan ṣoṣo. Fún kọ̀ǹpútà tí ó ti lo ọdún mẹ́wàá, èmi yóò fi Windows tuntun sí i láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n sì kó fáìlì nìkan padà. Ẹ kọ́kọ́ wọ inú BIOS lọ wò ó pé AHCI, ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà ń gbà bá dísìkì sọ̀rọ̀, ni wọ́n yàn fún SATA, nítorí bí ẹ bá yí i padà lẹ́yìn tí Windows ti wọlé, ó lè kọ̀ láti jí.

Olùbéèrè:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Mo ti ṣe ohun tí ẹ ní kí n ṣe. Ìwé kọ̀ǹpútà alágbèéká sọ pé àyè íǹṣì 2.5 kan ni ó ní, ti SATA ìran kẹta, kò sì ní M.2 rárá, Legacy ni wọ́n kọ síwájú BIOS Mode rẹ̀. Ti orí tábìlì jẹ́ UEFI. Ó ní ihò M.2 méjì: èyí tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọlọ kọ̀ǹpútà jẹ́ PCIe ìran kẹrin, SSD 250 GB ni ó jókòó síbẹ̀, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ ìran kẹta, wọ́n sì kọ́ ọ sí ìdí ojú ewé pé bí a bá lò ó, ojú SATA 5 àti 6 yóò kú. Kí ni èyí túmọ̀ sí? Ṣé n kò lè ra SSD ìran kẹrin mọ́ ni? Mo tún rí SSD kan tí wọ́n ní 16 TB ni, tí owó rẹ̀ kò sì tó ti 1 TB àwọn yòókù. Ṣé kí n mú un?

Olùkọ́ Ìṣirò:

Ẹ má mú un. Iye ṣíìpù tí yóò gbé 16 TB kò lè wà ní irú owó bẹ́ẹ̀. Káàdì kékeré ni ó sábà máa ń wà nínú irú rẹ̀, tí wọ́n ti yí padà kí ó máa purọ́ ìwọ̀n rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà. Yóò gba fáìlì yín wọlé láìjiyàn, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá kún, yóò máa kọ tuntun bo ti àtijọ́, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ẹ ó fi ṣí fáìlì kan tí kò ní ṣí. H2testw lórí Windows àti f3 lórí Linux lè tú àṣírí rẹ̀, nítorí wọ́n ń kọ nǹkan kún un pátá, wọ́n sì ń kà á padà. Mo máa ń fi wọ́n dán gbogbo ìpamọ́ tuntun wò, kódà èyí tí mo gbẹ́kẹ̀ lé ẹni tí ó tà á.

Ẹ má sì bẹ̀rù bí Windows bá kọ 931 GB síwájú SSD 1 TB yín. Ìyẹn kì í ṣe jìbìtì. Ilé iṣẹ́ ń ka gìgábáìtì kan sí báìtì 1,000,000,000, Windows ń kà á sí 1,073,741,824.

Atúnkọ̀ǹpútàṣe:

Legacy tí ẹ rí lára kọ̀ǹpútà alágbèéká kò dí yín lọ́wọ́, nítorí SATA ni ẹ ó lò níbẹ̀. Ní ti ihò M.2 ìsàlẹ̀, ọ̀nà tí ó ń gbà kọjá ni ó ń pín lò pẹ̀lú ojú SATA méjì yẹn. Bí ohun kan bá wà ní 5 tàbí 6, ẹ tú u lọ sí 1 tàbí 2, wàhálà ti parí. SSD ìran kẹrin yóò ṣiṣẹ́ nínú ihò ìran kẹta, ìyára ìran kẹta ni yóò kàn máa lò. Bí ó bá jẹ́ èmi, 1 TB tuntun onítẹ́lẹ̀ TLC yóò gba ihò òkè, níbi tí Windows àti fídíò tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lé lórí yóò wà, 250 àtijọ́ yóò sì sọ̀kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀. Kò sí ìdí kankan tí ẹ fi ní láti náwó sórí ìran karùn-ún.

NVMe máa ń gbóná nígbà iṣẹ́ gígùn, bí ó bá sì gbóná jù, yóò dín ìyára ara rẹ̀ kù. Bí irin pẹlẹbẹ bá bo ihò òkè yẹn lára mọ́dábọ́ọ̀dù yín, ẹ bó ọ̀rá kékeré tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó dè é padà. Ẹ má gbàgbé ọ̀rá yẹn o. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tí ó ṣì wà níbẹ̀, tí irin kò sì fara kan ṣíìpù dáadáa.

Ẹ fi ìdá mẹ́wàá sí ogún nínú ọgọ́rùn-ún sílẹ̀ lófìfo. Ẹ má fi ohun èlò òde kankan tún fáìlì tò lórí SSD. Láti Windows 7 ni TRIM ti wà, òun ni ó ń sọ fún SSD ibi tí kò sí nǹkan mọ́, Windows sì ń ṣe é fúnra rẹ̀.

Olùṣọ́ Dátà:

Nítorí TRIM tí wọ́n dárúkọ yìí, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí Olùbéèrè mú lọ́wọ́. Háàdì dísìkì tí ó ń kú lọ sábà máa ń ké, a ó gbọ́ tí ó ń ró kọ-kọ-kọ, ó sì máa ń fún wa láyè láti sáré kó ohun tí ó ṣẹ́kù. SSD lè dákẹ́ lọ́jọ́ kan láìkì wá nílọ̀. Bákan náà, fáìlì tí a pa rẹ́ lórí háàdì dísìkì ṣeé wá padà nígbà mìíràn, ṣùgbọ́n bí TRIM bá ti kọjá lórí rẹ̀, ó ti lọ nìyẹn. Ẹ máa fi CrystalDiskInfo wo ìlera rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ní ẹ̀dà fáìlì yín níbòmíràn.

Ẹ má ṣe fi SSD ṣe àpótí tí a tì tí a gbàgbé. Ìlànà JEDEC, ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìlànà fún ṣíìpù, fún ti ilé béèrè pé kí SSD tí ó ti lo TBW rẹ̀ tán lè pa nǹkan mọ́ fún ọdún kan láìsí iná, níbi tí ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 30 °C. Tuntun yóò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ṣùgbọ́n ibi tí ó bá gbóná jù yóò dín in kù. Bí iná bá sì ń já lójijì níbi tí ẹ wà, ẹ mọ̀ pé púpọ̀ nínú SSD ilé kò ní ohun tí yóò gbé e dúró títí yóò fi kọ èyí tí ó wà lọ́wọ́ tán. Ẹ lo bátìrì UPS fún ti orí tábìlì. Bí ẹ bá fẹ́ ta SSD 250 yẹn lọ́jọ́ iwájú tàbí kí ẹ fi í ta ẹnì kan lọ́rẹ, ẹ lo ohun èlò ìnùnù pátápátá tí ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣe tàbí èyí tí ó wà nínú BIOS, nítorí fọ́máàtì lásán kò tó.

Olùbéèrè:

Mo padà wá jábọ̀ fún yín. Dísìkì kẹta ni mo kọ́kọ́ kó gbogbo fáìlì sí, mo sì yọ ọ́ kúrò, gẹ́gẹ́ bí Alábòójútó Àkójọ ṣe wí. Ìtàn fọ́tò ọdún mẹ́jọ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi. Kọ̀ǹpútà alágbèéká gba SSD SATA 500 GB tí ó ní DRAM. Skúrúù mẹ́rin ni ó di férémù háàdì dísìkì mú, mo tò wọ́n sórí ìwé funfun bí mo ṣe tú wọn, mo fi Windows tuntun sí i, ó sì ń jí ní ìṣẹ́jú àáyá 20 báyìí. Ìyá mi tí ń lò ó bi mí bóyá kọ̀ǹpútà mìíràn ni mo gbé wá.

Ti orí tábìlì gba 1 TB onítẹ́lẹ̀ TLC. Mo kì SSD náà bọ ihò òkè ní dídagun díẹ̀, ó gòkè fúnra rẹ̀ bí mo ṣe fi í sílẹ̀, mo rọra tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, mo sì de skúrúù kékeré náà láìle e jù. Mo bó ọ̀rá abẹ́ irin. Nígbà tí mo tan án, Windows kò fi í hàn láàrin àwọn ibi ìpamọ́, ọkàn mi sì kọ́kọ́ já. Àṣé ó ń retí kí n lọ sí Disk Management láti ṣètò rẹ̀ ni. Mo yàn GPT, ọ̀nà ìpín dísìkì tí UEFI ń lò. Kí n tó ṣe ẹ̀dà, mo ka nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ sókè lẹ́ẹ̀mejì, ọmọ mi sì ń fi í wé ti ara ìwé. Lánàá ni mo da 300 GB fídíò sí i, mo jókòó tì í bí Ayàwòrán ti ṣe: ìyára rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, ṣùgbọ́n kò lọ sísàlẹ̀ 900. Háàdì dísìkì àtijọ́ ti wà nínú àpótí USB báyìí, òun ni ẹ̀dà kejì. Dísìkì kẹta yẹn ni ẹ̀dà kìn-ín-ní, mo sì ti gbé e lọ sí yàrá mìíràn.